Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Sípíríǹgì Tó Ti Gbó Nínú Ìbọn Afẹ́fẹ́ Àtijọ́

Ní ilẹ̀ Okun, láti Kabba dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ìbọn afẹ́fẹ́ tó wà nílé àgbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ogún. Bàbá ló rà á, ọmọ ló ń fi í lé ẹyẹ ẹ̀gà lóko ìrẹsì àti ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi kòkó. Igi rẹ̀ lè ti ṣá, àwọ̀ dúdú ara irin rẹ̀ lè ti parẹ́, síbẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ ṣì tọ́, ó sì ṣì ń gbé ọta lọ síbi tí a bá nà án sí. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbé tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí wáyà kan tí ẹni tó ní sùúrù lè pààrọ̀ láàárín wákàtí méjì.

Irú èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ ká tó fi ọta sí i ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: Diana láti Rastatt ní Jámánì, BSA Meteor tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Birmingham lọ́dún 1959, Weihrauch HW35, àti àwọn tó jọ wọ́n, yálà ihò wọn jẹ́ mílímítà 4.5 tàbí 5.5. Kì í ṣe fún ìbọn tó ń lo gáàsì inú agolo, kì í sì í ṣe fún ìbọn ẹ̀tù.

Ọ̀rọ̀ òfin ò gùn, àmọ́ ẹ má fò ó. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tí èèyàn lè ní pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí òfin kan náà kà léèwọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ohun tó bá kà níhìn-ín lọ síbẹ̀. Òfin náà ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àtúnṣe ìbọn. Ẹ wádìí ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá ohun tí wọ́n fàyè gbà fún irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì mú ìwé àṣẹ dání nígbàkigbà tí ẹ bá ń gbé ìbọn kọjá lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ tí sípíríǹgì ń ṣe

Bí ẹ bá ṣẹ́ ọ̀pá wálẹ̀, apá irin kan á ti písítìnì sẹ́yìn nínú sìlíńdà, písítìnì á sì fún sípíríǹgì pọ̀ títí ìkọ́ tírígà á fi gbá a mú. Ẹ fa tírígà, ìkọ́ á tú, sípíríǹgì á ta písítìnì síwájú, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú písítìnì á fún pọ̀, á gba ihò tóóró kan bọ́ sẹ́yìn ọta, òun ló sì ń lé ọta jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ni tìmùtìmù písítìnì. Bí kò bá sí ọta lẹ́nu ihò láti dí i, afẹ́fẹ́ á sá lọ, irin á sì lọ gbá irin. Ìdí nìyẹn tí yíyìn ín lásán, láìsí ọta, fi ń pa sípíríǹgì àti awọ orí písítìnì ju ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ tó tọ́ lọ.

Ohun mìíràn tó ń pa á ni kí a kọ́ọ̀kì ìbọn, ìyẹn kí a ṣẹ́ ọ̀pá títí ìkọ́ á fi gbá písítìnì mú, kí a sì gbé e sùn bẹ́ẹ̀. Irin tó bá ti wà ní fífúnpọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ ò ní padà sí gígùn rẹ̀ mọ́. Ìpẹtà sì tún wà: ní àkókò òjò, ojú ìpẹtà kékeré kan lára wáyà ti tó fún ẹ̀là láti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa kán sí.

Ẹ má tíì dá sípíríǹgì lẹ́bi

Ìbọn tó ti di ọ̀lẹ ò fi dandan ní sípíríǹgì tó kú. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ẹ kọ́kọ́ wo síìlì tó wà níbi tí ọ̀pá ti pàdé sìlíńdà, òrùka awọ tàbí rọ́bà kékeré. Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ́ ẹ lé ojú ìpàdé yẹn lórí, ẹ fi ọta sí i, kí ẹ yìn ín sí òkìtì yẹ̀pẹ̀. Bí tíṣù bá fò, afẹ́fẹ́ ń jò. Síìlì tuntun, tàbí bébà líle tí ẹ gé bí òrùka sábẹ́ síìlì àtijọ́ kó lè yọrí díẹ̀ sí i, lè tó láti jí ìbọn náà.

Awọ orí písítìnì ló kàn. Àwọn ìbọn àtijọ́ ń lo awọ gidi, ọyẹ́ ilẹ̀ wa sì máa ń gbẹ ẹ́ bíi pọ̀ǹmọ́ tó ti sá jù lóòrùn. Ẹ kán ọ́ìlì sílíkónì bíi ẹ̀kán mẹ́ta sínú ihò tóóró tó wà lẹ́yìn ibi tí ọta ń wọ̀, ẹ pa ọ̀pá dé, kí ẹ gbé ìbọn dúró sí ògiri, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, títí di ọjọ́ kejì. Ọ́ìlì á ṣàn padà sẹ́yìn sórí awọ, awọ á sì rọ̀. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ooru tí afẹ́fẹ́ ń ní nígbà tó bá fún pọ̀ lójijì tó láti dáná sí i. Ẹ óò gbọ́ ariwo bí ìbọn ẹ̀tù, ẹ óò rí èéfín, ìbúgbàù yẹn ló sì ń já awọ, tó ń kán sípíríǹgì.

Ìkẹta ni síkúrúù tó so igi mọ́ irin. Bí wọ́n bá tú, ọta á máa fọ́n káàkiri, ẹ óò sì rò pé agbára ló ti tán.

Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ wá tẹ́tí sí sípíríǹgì fúnra rẹ̀. Èyí tó ti gbó máa ń dún gbọ̀-ọ̀n-ọ̀n lẹ́yìn tí ọta ti lọ. Ṣíṣẹ́ ọ̀pá á rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọta á sì máa balẹ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó ti kán máa ń ha nígbà tí ẹ bá ń kọ́ọ̀kì, bí ẹni ń jẹ ẹ̀wà tó ní òkúta. Ó lè kán síbẹ̀ kó ṣì máa yìn, nítorí apá méjèèjì á ti lọ́ wọ inú ara wọn.

Ẹ ṣe ìdánwò kan kí ẹ tó tú u: ẹ gbé ọṣẹ ìfọṣọ gígùn dúró ní mítà 10, kí òkìtì yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yin ọta márùn-ún sí i, kí ẹ fi igi ìṣáná wọn bí ihò kọ̀ọ̀kan ti jìn tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú irú ọṣẹ àti irú ọta kan náà.

Irinṣẹ́

Àárín gbùngbùn iṣẹ́ yìí ni ohun tí a ó fi di sípíríǹgì mú. Sípíríǹgì ò ráyè na ara rẹ̀ tán nínú ìbọn, kódà nígbà tí a kò kọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó ti wà ní fífúnpọ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára tó sì fi ń ti ìdérí tó pa ẹ̀yìn sìlíńdà dé lè tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì Obajana, ìyẹn kílò 25, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yọ píìnì tó so ìdérí yẹn mọ́ sìlíńdà láìdi í mú, àyà tàbí ojú rẹ̀ ni irin yẹn máa bá. Ọwọ́ èèyàn kan tó ń tì í kò tó, ọwọ́ èèyàn méjì náà kò tó.

Kílámpù gígùn tí káfíńtà fi ń di ilẹ̀kùn pọ̀ ń ṣe é dáadáa. Bí kò bá sí, ẹ gba pákó ìrókò tàbí apá tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 130, tó fẹ̀ tó 15, tó nípọn tó 5. Ẹ kan ìdènà igi líle sí òpin kan fún ẹnu ọ̀pá. Ní òpin kejì, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi nọ́ọ̀tì jó mọ́ irin pẹlẹbẹ, kí ẹ fi bóòtì méjì de irin náà mọ́ pákó, kí ẹ wá fi irin oníyí mílímítà 16 kọjá nínú nọ́ọ̀tì. Irin oníyí 16 tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń rìn mílímítà 2 ní yíyí kan. Bí sípíríǹgì bá ní mílímítà 60 láti nà, ìyẹn yíyí 30. Iye yìí wúlò, nítorí òun ló ń sọ fún yín ìgbà tí ewu ti tán. Ẹ fi igi rírọ̀ tàbí rọ́bà sí ṣóńṣó irin kó má baà yọ̀ lára ìdérí.

Àwọn tó kù rọrùn: síkúrúdíráfà tó bá ẹnu síkúrúù mu rẹ́gí (èyí tó kéré jù ló ń ba orí síkúrúù àtijọ́ jẹ́), irin bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ fún títa píìnì, òòlù kékeré, fẹ́níà kálípà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn àti ìbú), sáńdípépà 800, àkísà funfun, kẹrosíìnì, gíríìsì dúdú tó ní mólì (molybdenum), àti awò ààbò ojú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìwọ awò yẹn.

Títú u

1. Ẹ ṣẹ́ ọ̀pá díẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ pé kò sí ọta, kí ẹ sì rí i dájú pé ìbọn ò sí ní kọ́ọ̀kì. Bí ó bá wà ní kọ́ọ̀kì, ẹ fi ọta sí i kí ẹ yìn ín sí òkìtì yẹ̀pẹ̀. Ẹ má ṣe fa tírígà láé nígbà tí ọ̀pá bá ṣí: ọ̀pá á fò padà, ó lè gé ìka, ó sì lè tẹ̀ títí láé.

2. Ẹ tú síkúrúù iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lẹ́yìn náà ti abẹ́ tírígà. Ẹ gbé irin kúrò nínú igi. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ìhà méjèèjì. Ẹ ya àwòrán sí i bí ẹ bá ti ń yọ nǹkan, pàápàá tírígà, nítorí sípíríǹgì kéékèèké inú rẹ̀ máa ń fò jáde, kò sì sí ẹni tó ń rántí ibi tó ti wá.

3. Ẹ gbé irin sínú kílámpù, kí ìdérí ẹ̀yìn kọjú sí irin oníyí. Ẹ mú un tọ́ gan-an. Bí ó bá wọ́, á yọ̀ nígbà tí agbára bá dé. Ẹ fi okùn tàbí bẹ́líìtì de àárín sìlíńdà mọ́ pákó.

4. Ẹ yí i títí píìnì á fi rọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ lè fi irin bàbà ta á jáde pẹ̀lú ìkànkàn díẹ̀. Bí ẹ bá ní láti lu ú kíkankíkan, sípíríǹgì ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìdajì yíyí kún un. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìhà tí píìnì gbà jáde. Bí píìnì bá jẹ́ méjì, ẹ má rò pé èkíní ló di gbogbo rẹ̀ mú.

5. Ẹ wá máa yí i padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ka yíyí. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má dúró sí ọ̀kánkán ẹ̀yìn. Ẹ má yọ kílámpù títí ìdérí á fi máa mì fúnra rẹ̀.

Ti HW35 yàtọ̀: ìdérí rẹ̀ oníyí ni, kò sí píìnì tó dì í mú. Àwọn kan ń gbé e sí fáìsì kí wọ́n sì máa fọwọ́ tú u. Ìwọ̀nba eyín díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni sípíríǹgì fi ń já a gbà, tó sì ń ba eyín jẹ́. Ẹ lo kílámpù bákan náà, kí ẹ máa tú u bí ẹ ti ń dín ìtẹ̀ kù.

6. Ẹ yọ ọ̀pá atọ́nà inú sípíríǹgì, ẹ yọ sípíríǹgì. Láti yọ písítìnì, ẹ ní láti kọ́kọ́ já apá irin tó ń tì í kúrò. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn, bóòtì tí ọ̀pá fi ń ṣẹ́ ni ẹ óò tú.

Wíwọn àtijọ́ àti yíyan tuntun

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Gígùn sípíríǹgì àtijọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbára lé, nítorí ó ti kúrú. Ohun mẹ́rin tí kì í yí padà ni kí ẹ wọ̀n: ìnípọn wáyà, ìbú rẹ̀ lóde, ìbú rẹ̀ nínú, àti iye òrùka rẹ̀. Bí ó bá ti kán, ẹ to àwọn ẹ̀kán pọ̀ kí ẹ kà wọ́n. Ìbú òde gbọ́dọ̀ wọ inú písítìnì láìfún. Ìbú inú gbọ́dọ̀ gba ọ̀pá atọ́nà láìgbọ̀n jìgìjìgì. Àyè tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló ń fa ariwo gbọ̀-ọ̀n-ọ̀n yẹn.

Ẹni tó ń tà á lè fún yín ní èyí tó le jù, kó ní yóò pa ẹran jù. Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó sanwó. Ẹ wọn àyè tó kù fún sípíríǹgì nígbà tí ìkọ́ bá ti di písítìnì mú, láti ìsàlẹ̀ inú písítìnì dé ẹsẹ̀ ọ̀pá atọ́nà. Ká sọ pé ó jẹ́ mílímítà 104. Sípíríǹgì olórùka 33 tí wáyà rẹ̀ nípọn tó 3 á gba 99 nígbà tó bá fún pọ̀ tán. Ó wọlé, ó ṣẹ́ku 5. Olórùka 36 tí wáyà rẹ̀ jẹ́ 3.2 á gba 115. Òrùka á ti lé òrùka kí ìkọ́ tó dé ibi tó máa gbá mú, ìbọn ò ní kọ́ọ̀kì láéláé. Ẹni tó bá sì fi agbára ṣẹ́ ẹ á tẹ apá irin rẹ̀. Kódà èyí tó bá wọlé, bí ó bá le jù, á máa ta ìbọn sókè, á sì máa tú síkúrúù. Ọta tó bá ojú ọ̀kẹ́rẹ́ láìyẹ̀ sàn ju ọta tó le tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sípíríǹgì ọ̀kadà kì í ṣe àfidípò. Ti iwájú tóbi jù, ti fáàfù kúrú jù, èyí tí wọ́n bá sì fi iná nà kó lè bá a mu ti pàdánù líle rẹ̀. Á yìn bí ogún ìgbà, á sì dùbúlẹ̀. Nína sípíríǹgì àtijọ́ fún un ní gígùn ọjọ́ díẹ̀ péré.

Ẹ yí tuntun gbirigbiri lórí gíláàsì tàbí táìlì pẹlẹbẹ. Bí ó bá ń fò, ó tẹ̀. Òpin rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ pa dé kó sì tẹ́jú. Bí ṣóńṣó wáyà bá mú, ẹ fi sáńdípépà pa á.

Fífọ̀ àti gíríìsì

Ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì nu inú sìlíńdà títí àkísà á fi jáde ní funfun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ ẹ́ pátápátá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbafẹ́ fún wákàtí kan. Kẹrosíìnì tó bá ṣẹ́ kù níwájú písítìnì á dáná gẹ́gẹ́ bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ìka kan etí ihò gígùn tó wà lábẹ́ sìlíńdà. Bí ó bá mú, ẹ fi sáńdípépà pa ṣóńṣó rẹ̀, torí òun ló máa ń bẹ́ awọ tàbí síìlì tuntun nígbà tí ẹ bá ń ti písítìnì wọlé.

Gíríìsì kékeré ni kí ẹ lò. Ẹ fi ìka pa á fẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdí písítìnì ká, sára ọ̀pá atọ́nà, àti sára sípíríǹgì lóde débi tí irin á kàn máa dán. Ẹ má fi sí i rárá níwájú síìlì. Ọ́ìlì sílíkónì, tó dára fún awọ, kò dára fún sípíríǹgì, nítorí kì í dáàbò bo irin tó ń ha irin.

Dídá a padà

Ẹ ti písítìnì wọlé, kí ihò gígùn ara rẹ̀ kọjú sí ti sìlíńdà. Ẹ yí i díẹ̀ bí síìlì ti ń kọjá etí ihò. Ẹ so apá irin padà. Ẹ ti sípíríǹgì wọlé, ẹ fi ọ̀pá atọ́nà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìdérí tàbí odindi tírígà. Yóò yọ síta ju ti àtijọ́ lọ, nítorí tuntun gùn. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kàn rí i pé ìdérí tọ́ kí ẹ tó máa yí kílámpù. Bí ojú píìnì bá ti ń pàdé, ẹ fi irin bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ títí ẹ óò fi rí ìmọ́lẹ̀ kọjá láti ìhà kan sí èkejì, kí ẹ wá ta píìnì wọlé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ó wọlé tán kí ẹ tó tú kílámpù.

Ìdánwò

Ẹ dá a padà sínú igi, ẹ ṣẹ́ ọ̀pá, kí ẹ má sì fi ọ̀pá sílẹ̀. Ẹ dì í mú ṣinṣin bí ẹ ti ń fi ọta sí i, nítorí bí ìkọ́ ò bá gbá dáadáa, ọwọ́ yín nìkan ló ń dá a dúró. Bí ìkọ́ ò bá gbá rárá, ó ṣeé ṣe kí òrùka ti lé òrùka, tàbí kí ẹ ti fi tírígà sí i lódì. Bí ó bá gbá, ẹ pa ọ̀pá dé, ẹ kọjú rẹ̀ sí òkìtì yẹ̀pẹ̀, ẹ fi ìdí ìbọn gbún ilẹ̀ rírọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ láìfọwọ́ kan tírígà. Bí ó bá yìn fúnra rẹ̀, ẹ má lò ó mọ́. Ìkọ́ ti jẹ, ẹni tó mọ tírígà ló gbọ́dọ̀ wò ó.

Èéfín díẹ̀ nínú ọta mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá kọjá ogún, gíríìsì ti pọ̀ jù, ẹ óò sì tún un tú. Sípíríǹgì tuntun máa ń kúrú ní mílímítà díẹ̀ lẹ́yìn kọ́ọ̀kì àkọ́kọ́, ìyẹn náà kò burú. Ẹ yin tó 50 kí ẹ tó tún ojú ìfojúsùn ṣe, torí agbára ò tíì dúró sójú kan ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ padà sídìí ọṣẹ. Bí ihò ò bá jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú sípíríǹgì tuntun, afẹ́fẹ́ ló ń jò, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà sí síìlì.

Ẹ má sọ sípíríǹgì àtijọ́ nù. Ẹ so bébà mọ́ ọn, kí ẹ kọ ìnípọn wáyà, ìbú méjèèjì, iye òrùka àti orúkọ ìbọn sí i, kí ẹ gbé e sínú agolo. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà lọ́jọ́ mìíràn lè mú un lọ fi wé tuntun kó tó sanwó.